Bí Abẹ́rẹ́ Mọ́tò Pupa Bá Ń Gòkè

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Morẹ́nikẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Fọlákẹ́,

Ara mi le. Orúnkún nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ọsàn ẹ̀yìnkùlé ti ń já bọ́ láìsí ẹni tó ń ṣà á, ajá sì ti bímọ mẹ́rin. Ìròyìn ilé parí síbẹ̀, torí kì í ṣe òun ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó.

Láti ọjọ́ Àìkú tí o ti pè mí lórí fóònù ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu mi. O ní mọ́tò pupa tí mo fún ọ nígbà tí o ríṣẹ́ tuntun sí Abẹ́òkúta ti ń gbóná, pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gòkè, pé mẹkáníìkì rẹ ní ẹ́ńjìnnì ti kú, àti pé ọkùnrin kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti rà á, kó lọ tú u palẹ̀, kó máa ta ẹ̀yà ara rẹ̀. O ní, "Dádì, ẹ má bínú." Mo ní mi ò bínú. Irọ́ ni mo pa. Mo bínú gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ọ.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà ni pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o máa ń sọ pé "mo ti gbọ́, Dádì" nígbà tí o kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ tí ẹnu mi kò lè gbé. Mo fún dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Abẹ́òkúta ní lẹ́tà yìí pẹ̀lú ẹrù kékeré kan. Jọ̀ọ́, kà á parí kí Sátidé tó pé. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o fi mọ́tò rẹ ṣe.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo ra mọ́tò yẹn. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Òdogbolú, òyìnbó kan tó ń la ọ̀nà ló sì tà á fún mi nígbà tó ń padà sílé. Mọ́tò asáré, pupa bí ata, àga méjì péré, kò ga ju àpótí aṣọ lọ. Láti Òdogbolú wọ Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ẹni tí kò mọ ohùn sálẹ́ńsà mi. Bàbá màmá rẹ, olùkọ́ àgbà tó ń wọ bàtà dídán lọ sóko, sọ ọ́ lójú mi pé: "Ọmọkùnrin tó ra mọ́tò tí kò sí àyè ọmọ nínú rẹ̀, níbo ló fẹ́ kó ọmọ mi sí?" Mo fi rẹ́rìn-ín. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n mo fi rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe ló sì ṣe, torí àyè ọmọ wà. Orí ẹsẹ̀ màmá rẹ lo máa ń jókòó sí, tí ẹsẹ̀ tìrẹ á wà lórí kẹ́ẹ̀gì omi méjì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan yẹ́lò. O rántí? O máa ń bi í pé, "Màmá, ṣé aṣálẹ̀ la ń lọ ni, tí ẹ ń gbé omi méjì?" Òun á dáhùn pé, "Ọ̀kan fún mọ́tò, ọ̀kan fún èmi." Ìwọ á rò pé òùngbẹ ló ń sọ. Èmi á gbájú mọ́ ọ̀nà bí ẹni tí kò gbọ́.

Ó dáa. Jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, bí mo ṣe ń ṣe ní ọ́fíìsì.

Èkíní: bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè, dúró.

Má sọ pé ó ku díẹ̀ kí o délé. Má sọ pé géèjì ló ń purọ́. Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, pa ẹ́ńjìnnì, kí o sọ̀kalẹ̀. Bí ibi tí o wà kò bá ṣe é dúró sí, pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, tan híítà dé òpin, ṣí wíńdò, kí o rọra máa wá ibi tí wàá yà sí. Híítà yẹn á bá ẹ́ńjìnnì gbé díẹ̀ lára ooru rẹ̀. Wàá làágùn, ṣùgbọ́n òógùn kì í pa ènìyàn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Èmi kò dúró. Ọdún tí mò ń fẹ́ màmá rẹ sọ́nà ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin kú, ìyá arúgbó kan tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá Ìmùṣin. Ìjẹ̀bú-Òde ló kú sí, Ìmùṣin ni wọ́n fẹ́ sin ín sí. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń sin àgbà nílùú wa. Àwọn onífèrè á ṣáájú, ọkọ̀ òkú á tẹ̀ lé wọn, ẹbí á tẹ̀ lé ọkọ̀ òkú, gbogbo wọn á máa rìn bí ẹni tó ń ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ẹbí mọ òun ní àna, á wá bí yóò ṣe sún mọ́ iwájú. Mo ti mọ́tò pupa bọ ẹ̀yìn ọkọ̀ òkú gan-an, mo ṣáájú mọ́tò àwọn àgbà ẹbí. Màmá rẹ jókòó tì mí, kẹ́ẹ̀gì omi kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni nígbà náà.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún un. Fáànù rédíétọ̀ ti kú láti ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà ló ń fẹ́ rédíétọ̀, abẹ́rẹ́ kì í mira, mo wá ń bi ara mi pé kí ni wọ́n tilẹ̀ ń fi fáànù ṣe. Lẹ́yìn òkú, nínú oòrùn ọ̀sán, tí a ń rìn bí ìgbín, atẹ́gùn wo ló fẹ́ fẹ́ ẹ?

"Bọ̀dá Ṣẹ́gun, abẹ́rẹ́ yìí ń gòkè o."

"Fi í sílẹ̀. Géèjì yẹn ti ya wèrè."

Nígbà tó ṣe díẹ̀: "Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ó ti wọ ibi pupa. Ẹ jẹ́ ká yà."

"Ká yà lọ síbo? Kí bàbá rẹ wá máa fi mí rẹ́rìn-ín?"

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé orí ẹsẹ̀, ó ń wò mí. Mo ṣì ń rí ojú yẹn.

Nígbà tí a fi dé etí Ìmùṣin, èéfín ti ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo yà wàyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo yà sí. Ọ̀nà oko kan tí igi obì bò ni mo sá wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Àwọn onífèrè ń fun ohùn orin lọ níwájú, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a ti sọnù.

Èkejì: má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná. Láéláé. Omi inú rẹ̀ ti gbóná kọjá omi tó ń hó lórí iná, ìdérí yẹn nìkan ló dè é mọ́lẹ̀. Fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bí o bá lè fi àtẹ́lẹwọ́ di họ́ọ̀sì òkè mú, tí o lè ka oókan dé ogún láìjá a sílẹ̀, ìgbà yẹn ni kí o wá aṣọ tó nípọn, kí o yí ìdérí díẹ̀, kí o jẹ́ kó mí, kí o tó yí i tán. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ibi tí ẹnu mi kò ti lè gbé e nìyí.

Àpá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún màmá rẹ, láti ìgbúnwọ́ títí dé ọrùn ọwọ́, o mọ̀ ọ́n. O máa ń fi ìka tọ ọ́ nígbà tí o bá fẹ́ sùn. A sọ fún ọ pé epo gbígbóná ló ta sí i nígbà òkú Ìyá Ìmùṣin. Kì í ṣe epo, ọmọ mi. Èmi ni. Mo bọ́ fìlà mi, mo fi di ìdérí yẹn mú, mo yí i. Màmá rẹ ní, "Ẹ jẹ́ kó tutù ná." Ìdérí fò, omi tú jáde. Èmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun wà lẹ́yìn mi, ó gbé kẹ́ẹ̀gì dání, kò mọ̀ pé mo máa bẹ̀rẹ̀. Òun ni omi náà bá.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, mi ò bá ti sọ fún ọ tipẹ́. Ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ẹ̀gì bọ́ sílẹ̀, èmi sì gbé e. Morẹ́nikẹ́, inú ẹ́ńjìnnì ni mo da omi yẹn sí. Mọ́tò ni mo ń rò. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni mo ń rò, àti bí mo ṣe máa dé ilé òkú láìtẹ́. Omi tútù kan irin gbígbóná, mo gbọ́ "kàn!" nínú ẹ́ńjìnnì, mo sì mọ̀ pé ó ti là. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àlejò: "Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ṣé ó ku díẹ̀ nínú omi yẹn?"

Ó ku bíi ife kan. Mo dà á sí i lọ́wọ́.

A fi mọ́tò sílẹ̀ síbẹ̀ (ẹ̀yìn oṣù kan ni mo tó rí owó pààrọ̀ orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀), a fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé òkú, ó fi gèlè wé ọwọ́. Kí n tó la ẹnu, ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ibi tí àwọn obìnrin ti ń dín ẹran lẹ́yìnkùlé ni epo ti ta sí òun. Ó mọ̀ pé bí bàbá òun bá gbọ́ òtítọ́, ọ̀rọ̀ èmi àti òun ti parí nìyẹn. Ó wò mí láti sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Mo dákẹ́. Mo tilẹ̀ dúró láàárín àwọn tó ń kí i, èmi náà ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́ o, Fọlákẹ́, kú ewu epo." Bí mo bá rántí "kú ewu epo" yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Wọ́n sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi lọ ju ogún ọdún lọ dáadáa. Bàbá rẹ̀ ti lọ, òun náà ti lọ, ìgbà òjò kejì rèé tí mo ń dá gbé ilé yìí. Kò fi ọ̀rọ̀ yẹn bú mi rí, àní lọ́jọ́ tí mo bá bí i nínú. Láti ọjọ́ yẹn, kẹ́ẹ̀gì méjì ló ń gbé wọ mọ́tò.

Jẹ́ kí n nu ojú mi, kí n padà sórí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì rẹ.

Ẹ̀kẹta ni, àbí? "Ẹ́ńjìnnì ti kú" kì í ṣe àyẹ̀wò, ìdágbére ni. Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé ìgbà wo ló ń gbóná. Bó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìkan ni, tó ń tutù bí o bá ti ń sáré, fáànù ni, bíi tèmi. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lójú kan, kí o tẹ́tí. Bí abẹ́rẹ́ bá kọjá àárín tí fáànù kò fúnra rẹ̀ dìde, jẹ́ kí rẹ́wáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò, yẹ fíúsì àti wáyà rẹ̀ wò. Má jẹ́ kó so ó pọ̀ kó máa yí láìdúró o! Wọ́n fẹ́ràn ìyẹn bí nǹkan míì. Ẹni tí orí ń fọ́ tó ń lo egbòogi láràárọ̀ kò ní mọ ìgbà tí àìsàn gidi wọlé.

Bó bá jẹ́ orí eré tàbí nígbà tó bá ń gun àwọn òkè Abẹ́òkúta yín yẹn ló ń gbóná, omi ni kò rìn dáadáa, tàbí atẹ́gùn ni kò wọlé. Kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o wo abẹ́ imú rẹ̀. Mọ́tò yẹn ń fi imú gbálẹ̀ ni, gbogbo ọ̀rá omi tí ènìyàn bá jù sọ́nà ló ń fà mọ́ra. Ọdún kan wà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mẹ́ta, àṣé ọ̀rá mẹ́fà àti abala aṣọ ìnulẹ̀ kan ló bo rédíétọ̀ lójú. Màmá rẹ ló fi ọwọ́ yọ wọ́n, tó to gbogbo rẹ̀ síwájú mi bí ẹja tí wọ́n pàtẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, pa mọ́tò náà kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí o fi ọwọ́ pa rédíétọ̀ kiri. Bí apá kan bá gbóná tí apá kan tutù, ìdọ̀tí ti dí i nínú. Èyí, ẹ̀bi mi ni. Omi kànga ẹ̀yìnkùlé ni mo ń fún un mu fún ọdún gbọọrọ, ìpẹtà inú rẹ̀ á ti pọ́n bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí o sì máa lo kúláǹtì, oògùn tí kì í jẹ́ kó dípẹtà, tí wọ́n pò mọ́ omi mímọ́. Wo ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò láàárọ̀ bóyá omi ń kán. Bí pọ́ǹpù omi bá ń jò tàbí tó ń han bí ilẹ̀kùn, pààrọ̀ rẹ̀.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ṣùgbọ́n èyí ṣe pàtàkì: bí omi bá ń dínkù láìjò sílẹ̀, tí sálẹ́ńsà ń tú èéfín funfun, tí ọ́ìlì abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì sì dà bí ògì, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń ya omi àti ọ́ìlì sọ́tọ̀ ti jó nìyẹn. Omi àti ọ́ìlì ti ń fẹ́ ara wọn. Àìsàn ńlá ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń wò ó sàn. Bí o kò bá rí ìkankan nínú wọn, mẹkáníìkì rẹ ti sin alààyè.

Ó ku tẹmọsítáàtì. O ní mẹkáníìkì rẹ ti yọ ọ́ sọnù. Mo bá jókòó, mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú òkú Ìyá Ìmùṣin, mẹkáníìkì tèmi náà yọ ọ́, ó ní, "Ìlú òtútù ni wọ́n ti ń lo èyí. Kí la fẹ́ fi ṣe níbí?" Ó jù ú sílẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́, torí ooru mú níbí lóòótọ́. Màmá rẹ ló bẹ̀rẹ̀, tó ṣà á, tó nù ún. Ó ní, "Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹni tó ṣe é kò ya wèrè." Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé aránṣọ ti fẹ́ kọ́ mẹkáníìkì níṣẹ́.

Òun ló jàre. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ni tẹmọsítáàtì. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì gbóná tó, á tìlẹ̀kùn; bó bá gbóná, á ṣí i kí omi lè lọ gba atẹ́gùn nínú rédíétọ̀. Nínú mọ́tò tìrẹ, bí wọ́n bá ti yọ ọ́, omi tó yẹ kó lọ tutù á máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà sínú ẹ́ńjìnnì bó ṣe gbóná wá. Ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò bí ẹsẹ̀ mi bá gbé mi dé Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n bá sì dá a padà, kí wọ́n gbé orí mọ́tò sókè díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rọ omi, kí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde tán. Bí afẹ́fẹ́ bá há síbẹ̀, abẹ́rẹ́ á tún gòkè, wọ́n á ní mo purọ́.

Àná ni mo ṣí agolo bọ́tìnnì màmá rẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti lọ. Mò ń wá ṣúkúrúù kan ni. Nísàlẹ̀ gbogbo bọ́tìnnì, mo rí nǹkan tí a fi àjákù áńkárá dì. Tẹmọsítáàtì yẹn ni, èyí tó ṣà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òmíràn ni a ti ń lò látìgbà náà, ṣùgbọ́n kò sọ èyí nù. Mo gbé ìkòkò omi kaná, mo fi okùn so ó, mo jù ú sínú rẹ̀. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, mo fi ojú ara mi rí i tó rọra ṣí. Mo yọ ọ́, ó tutù, ó tún padé. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo sọ ọ́ síta nínú ilé ìdáná, èmi nìkan: "Fọlákẹ́, jọ̀ọ́, má bínú. Ìwọ ló yẹ kí n da omi yẹn sí lára." Ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi nígbà tó wà láyé. Má ṣe irú èyí sí ẹnikẹ́ni tí o bá fẹ́ràn.

Ó wà nínú ẹrù tí mo fi rán dẹ́rẹ́bà. Jẹ́ kí wọ́n fi èyí sí i títí wàá fi rí tuntun tó bá a mu. Bí o bá sì ṣe gbogbo ohun tí mo kọ, tí abẹ́rẹ́ kò sọ̀ kalẹ̀, jẹ́ kí ọkùnrin Sátidé yẹn máa gbé e lọ. Mi ò ní bínú, lọ́tẹ̀ yìí mi ò purọ́. Ìwọ ju mọ́tò lọ fún mi.

Wàá rí kẹ́ẹ̀gì funfun náà nínú ẹrù. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti pọn omi sí i. Yẹ́lò ti fọ́, ra òmíràn. Méjì ni kí o máa gbé, mọ́tò yìí ni o, mọ́tò mìíràn ni o. Ọ̀kan fún mọ́tò, ọ̀kan fún ènìyàn. Ọjọ́ tó bá sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ, o ti mọ ẹni tó ni ín báyìí.

Èmi bàbá rẹ, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà,

Ṣẹ́gun.